Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Apolówó-Ìlú Méjì: Ẹ Sọ Ọ̀rọ̀ Wétà Náà fún Wọn

Sí European Travel Commission ní Brussels, tó ń polówó Yúróòpù fún àlejò, àti Brand USA ní Washington, tó ń polówó Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé Yorùbá ni mo fi kọ ìwé yìí sí yín. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé mi ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kà á, torí wọ́n pọ̀ tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, tí mo bá sì purọ́, kíá ni wọ́n á mú mi. Ẹ̀yin lówó ògbufọ̀.

Dírẹ́bà ni mí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi wa kábù ní Lọ́ńdọ̀nù. Peckham ni mo ń sùn, Heathrow ni mo ń jẹ. Nígbà tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ìyàwó mi lọ sí Houston, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo tẹ̀lé e, mo tún jókòó sídìí ọkọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará Amẹ́ríkà ni oníbàárà mi tó pọ̀ jù. Níbí, àwọn tó bá ti Frankfurt, Amsterdam tàbí Paris bọ́ sílẹ̀ ni mò ń lọ dúró dè. Àwọn ará Texas ní ohùn Lọ́ńdọ̀nù wà lẹ́nu mi, ó sì máa ń dùn mọ́ wọn. Ohùn Ìjẹ̀bú ni o, ṣùgbọ́n n kì í bá wọn jiyàn.

Tí èèyàn bá fẹ́ mọ ohun tí àlejò rò nípa ìlú kan, kó lọ gbé e ní pápákọ̀ òfúrufú. Kò tíì wẹ̀, kò tíì sùn, kò tíì mọ ohun tó yẹ kó gbé mì. Ohun tó ti ilé gbé wá ni yóò kọ́kọ́ já lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ nígbà kan. Ṣùgbọ́n mo ti gbé àìmọye èèyàn tó fojú ba ìlú, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, tó ná owó gọbọi, tó jẹ́ pé ìròyìn tó ti gbọ́ nílé náà ló rí, òun náà ló sì gbé padà sílé. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn, nítorí ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé ìyá àgbà kan tó wá láti Netherlands pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sí Southfork, ní Parker, lẹ́bàá ìlú Dallas, ká sùn mọ́jú, ká padà lọ́jọ́ kejì. Ìrìn bíi wákàtí mẹ́rin ni láti Houston. Ẹ̀yin mọ Southfork. Òun ni ilé funfun tí wọ́n máa ń fi hàn nínú Dallas, eré tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1978, tí kò dáwọ́ dúró títí di 1991. Ní Yúróòpù, tọmọdé tàgbà ló wò ó. Jack Lang, tó jẹ́ mínísítà àṣà ní Faransé nígbà náà, bínú sí eré yìí débi pé òun ló fi ń ṣe àpẹẹrẹ bí Amẹ́ríkà ṣe fẹ́ fi àṣà tirẹ̀ bo tàwọn ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ìyá yìí kò bínú ní tirẹ̀. Láti Houston títí a fi kọjá Conroe, ìtàn eré náà ló ń sọ fún mi: ta ló fẹ́ ta, ta ló da ta, ta ló yìnbọn lu J.R. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun gbé e lọ.

Oorun yẹn ló ń sùn tí a fi kọjá Huntsville. Ibẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Texas wà, ọgbà tó pẹ́ jù lára wọn sì ti ń gba ẹlẹ́wọ̀n láti ọdún 1849. Ẹni tó bá yà sínú ìlú yóò rí ògiri bíríkì pupa rẹ̀. Mo rántí Alexis de Tocqueville. Ọdún 1831 ni ọmọ Faransé yìí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gustave de Beaumont, wá sí Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí ìjọba wọn sì rán wọn ni pé kí wọ́n lọ yẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n wò. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi rìn. Ẹni tó wá wo ẹ̀wọ̀n rí odidi orílẹ̀-èdè, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fúnra wọn ṣì ń ka ohun tó kọ. Ìyá tèmi wá wo ilé kan, ó sùn kọjá ẹ̀wọ̀n.

A dé Southfork. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú níwájú ikùn, ó wo ilé náà, ó wo adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò wọ́n títí. Ó ní, "Ó kéré." Ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ kámẹ́rà ni. Wọ́n tún wá sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ohun tó rí nínú yàrá àti pálọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, California ni wọ́n ti yà á. Ó mi orí, ó ra ife kan tí wọ́n ya àwòrán ilé náà sí. Nígbà tí a ń bọ̀, ó ní òun ti wá mọ Amẹ́ríkà báyìí.

N kò dá a lẹ́bi. Ó ti pẹ́ tí Yúróòpù ti ń jókòó sílé tí wọ́n ń rí Amẹ́ríkà. Karl May òǹkọ̀wé ńkọ́, tí àwọn ará Jámánì tí mò ń gbé kì í jẹ́ kí n gbàgbé? Ọkùnrin yìí jókòó sí Saxony ní Jámánì, ó ń kọ ìtàn Winnetou, olórí àwọn Apache, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Jámánì, bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin kiri aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó tilẹ̀ ń sọ fáráyé pé òun gan-an ni ọ̀rẹ́ yẹn. Kò débẹ̀ rí! Ọdún 1908 ló tó fẹsẹ̀ kan Amẹ́ríkà, nígbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn rẹ̀ tán, ìrìn rẹ̀ sápá ìwọ̀-oòrùn kò sì kọjá Buffalo àti Niagara. Nígbà tí wọ́n wá sọ Winnetou di fíìmù ní àwọn ọdún 1960, Yugoslavia ni wọ́n ti yà á. Òkè àti odò tí ọmọ Jámánì ìgbà yẹn fi mọ Amẹ́ríkà, ní Croatia òde òní ló wà. Àwọn ará Ítálì náà kò gbẹ́yìn: Almería ní Sípéènì ni Sergio Leone, tó ń ya fíìmù kábọ́ì, ti yan aṣálẹ̀ tirẹ̀. Láti ọdún 1952 ni wọ́n sì ti ń ṣe eré Karl May nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Bad Segeberg, ní àríwá Jámánì.

Bàbá kan láti ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé òun mọ àwọn Apache dáadáa. Mo ní níbo ló ti mọ̀ wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀, ó yíjú sí fèrèsé.

Kí ẹ̀yin ará Washington má rò pé àwọn èèyàn tiyín sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ sí Salzburg ní Austria lónìí, ẹ ó bá ará Amẹ́ríkà tó ń wá àtẹ̀gùn tí Julie Andrews ti kọrin nínú The Sound of Music, fíìmù tó jáde lọ́dún 1965. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rò pé orin àbáláyé àwọn ará Austria ni Edelweiss tí wọ́n kọ nínú rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Rodgers àti Hammerstein, ló kọ ọ́ fún eré orí ìtàgé ní New York lọ́dún 1959. Ará Amẹ́ríkà rìnrìn àjò, ó wọ bàálù, ó lọ bá orin tó ti ilé ara rẹ̀ jáde.

Lọ́dọ̀ tèmi ní Lọ́ńdọ̀nù, kùrukùru ni wọ́n máa ń béèrè. "Kùrukùru náà dà?" Kùrukùru ńlá tó pa èèyàn, èéfín èédú ni, December 1952 ló ṣẹlẹ̀, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ dé lọ́dún 1956, kí wọ́n tó bí èmi gan-an. Mo máa ń sọ fún wọn pé kùrukùru ti lọ sí ìsinmi. Tàbí kí wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sílé Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé ìtàn, ní Baker Street. Nígbà tí wọ́n kọ ìtàn ọkùnrin yẹn, nọ́ńbà ilé náà kò tilẹ̀ sí lójú títì ọ̀hún. Ẹnì kan bi mí níbo ni wọ́n sin ín sí. Mo ronú, mo ní mi ò mọ̀.

Ẹ ó ní eré nìyẹn, ta ló pa lára? Ẹ dúró ná.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje, ọdún 2022, ọjọ́ tí oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kọjá ogójì lórí ìwọ̀n Celsius, mo gbé ìdílé kan láti Ohio ní Heathrow. Bàbá, ìyá, ọmọ méjì. Ọjọ́ méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, méjì ní Paris, ẹ̀yìn náà Venice, Rome, Barcelona, gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Àwa dírẹ́bà máa ń fi irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́. A ní wọn kì í wo ìlú, wọ́n kàn ń fi àmì sí i lára ìwé ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo dígí, mo rí bàbá náà tó tẹ orí mọ́ kọ̀ǹpútà lórí orúnkún rẹ̀, òógùn ń kán sórí bọ́tìnì, ó ń dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn. Ọjọ́ ìsinmi tó ní lọ́dún yẹn, ọjọ́ mẹ́wàá ni. Ó ti kó gbogbo rẹ̀ sórí ìrìn yìí.

Kò sí òfin àpapọ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tó ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo tó máa gbowó lé lórí. Ní European Union, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kéré jù, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ará Sípéènì tó rí bàbá yìí tó ń sáré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Gaudí ní Barcelona yóò ní ará Amẹ́ríkà ò ní sùúrù, ojú wọn ò mọ ohun tó dára. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọjọ́ ló ń lé ọkùnrin náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà tí wọ́n fi ń bú wọn, pé wọn kì í ní in. Lọ́dún 1990, òótọ́ ni: bíi márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Lónìí ó ti tó nǹkan bí ìdajì wọn. Yẹ̀yẹ́ náà kò gbọ́ pé nǹkan ti yí padà.

Ìyá àwọn ọmọ náà bi mí bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú ilé tí wọ́n gbà. Mo dákẹ́. Ó mọ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ̀yin èèyàn yìí ń jìyà báyìí?" Lọ́dọ̀ tirẹ̀, nínú ilé mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ló ní ẹ̀rọ yẹn. Ilé Lọ́ńdọ̀nù, kí ooru má baà sá jáde ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹni tó kọ́ ọ kò mọ̀ pé irú ọjọ́ yìí ń bọ̀. A yà síbi oúnjẹ kan kí àwọn ọmọ lè mu nǹkan tútù. Wọ́n gbé ife wá: yìnyín méjì ló léfòó nínú rẹ̀. Èyí ọkùnrin wo ife náà bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Títí di òní, mo mọ̀ dájú pé ìtàn yìnyín méjì yẹn ni wọ́n ń sọ ní Ohio, wọn kò sì ní í dárúkọ National Gallery, ilé àwòrán Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí mo dé Houston, mo wá gbọ́ apá kejì. Ará Yúróòpù ní Amẹ́ríkà ń sọ ilé ìtajà di ilé ẹran dídì, pé òun ní láti wọ kóòtù lóṣù keje. Wọ́n ní òǹdè ọkọ̀ làwọn ará Amẹ́ríkà, wọn kì í rìn. Tọkọtaya kan láti Hamburg bọ́ sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìtajà wà ní òdìkejì títì, wọ́n ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ní àwọn á fẹsẹ̀ lọ. Àwọn ló pè mí padà. Títì náà lọ́nà mẹ́jọ, kò síbi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà sọdá láìjẹ́ pé ó yí po fún bíi kìlómítà kan àbọ̀. Mo gbé wọn kọjá, kò pé ìṣẹ́jú méjì, mo tijú láti gbowó. Mo gbà á ṣá.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó ń dùn mí gan-an.

Ọmọbìnrin mi wà ní yunifásítì níbí, ó sì ń ṣe wétà ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ṣé ẹ mọ iye tí òfin àpapọ̀ ní kí wọ́n máa san fún ẹni tó ń gba tíìpù? Dọ́là méjì àti sẹ́ńtì mẹ́tàlá ní wákàtí kan. 2.13. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti fi síbẹ̀, wọn kò tíì gbé e kúrò, Texas sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lò ó bẹ́ẹ̀. Tí tíìpù bá dé, ó dé. Tí kò bá pọ̀ tó, òfin ní kí ọ̀gá fi kún un títí yóò fi pé 7.25. Èyí túmọ̀ sí pé oníbàárà ló ń san owó oṣù, ọ̀gá kàn ń dúró dè é lẹ́yìn ni.

Ará Faransé kò mọ̀. Ní Faransé, owó iṣẹ́ wétà ti wà nínú iye tí wọ́n kọ sára ìwé oúnjẹ, òfin ni. Tó bá fi ẹyọ owó díẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ìwà ọmọlúàbí ló hù. Ọmọ mi dé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àga kíṣìnì, ó da owó sílẹ̀, ó ń kà á. Tábìlì mẹ́jọ ló bójú tó. Tábìlì kan, èèyàn mẹ́fà, Faransé ni wọ́n, wọ́n jẹun wákàtí méjì àbọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Dọ́là mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀. Ó ní, "Dádì, ahun làwọn ará Yúróòpù." Èmi tí mo gbé ibẹ̀ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí mo bí i síbẹ̀, mo ní kì í ṣe ahun. Ó ní kí wá ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo rí ojú rẹ̀, mo pa á tì. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í gbọ́ àlàyé.

Kí àwọn mẹ́fà náà tó jáde, wọ́n ti bínú ní tiwọn: iye tó wà lára ìwé oúnjẹ kọ́ ni wọ́n ní kí wọ́n san. Owó orí ọjà 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún ti gun orí rẹ̀. Ní Yúróòpù, irú owó orí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ga ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú iye tí wọ́n kọ, kò sẹ́ni tó ń rí i. Àwọn náà lọ sílé wọn, wọ́n ní arẹ́nijẹ lará Amẹ́ríkà. Ahun níbí, arẹ́nijẹ lọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tó hùwà burúkú nínú wọn.

Ìyàwó mi ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níhà méjèèjì, ó ní ó ti sú òun. Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á bi í bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ń jẹ́ kí aláìlówó kú lẹ́nu géètì ọsibítù ní Amẹ́ríkà. Houston, wọ́n á bi í bóyá òótọ́ ni pé èèyàn ń dúró títí á fi kú kí dókítà ìjọba tó rí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbí, òfin kò jẹ́ kí wọ́n lé ẹni tó wà nínú ewu dànù, ìwé gbèsè ló ń tẹ̀lé e délé. Lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni kò fún ọ níwèé gbèsè, ṣùgbọ́n orúnkún lè máa dùn ọ́ fún ọdún kan kí wọ́n tó pè ọ́. Ó ní òun ò ní dáhùn mọ́, kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ fíìmù.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú, mi ò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 2003 tí Faransé kọ ogun Iraq, ilé oúnjẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington yí orúkọ ànàmọ́ díńdín (French fries) padà kó má baà jẹ́ ti Faransé mọ́. Lọ́dún 2025, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì tún ìkìlọ̀ kọ fáwọn èèyàn wọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà náà sì ti pẹ́ tó ti ń sọ fún tirẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra ní Faransé àti Jámánì. Àwa tí wọ́n ti ń kọ ìkìlọ̀ nípa ìlú wa láti ọjọ́ aláyé, a kàn ń wò wọ́n ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Brussels, ọdún 1948 ni wọ́n dá yín sílẹ̀, nígbà tí ogun ti sọ Yúróòpù di aláìní, tí dọ́là sì wọ́n bí ojú. Àwọn tó ń ṣètò owó Marshall, ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà fi tún Yúróòpù kọ́ lẹ́yìn ogun, fúnra wọn fẹ́ kí ará Amẹ́ríkà gbé dọ́là wá sínú òtẹ́ẹ̀lì yín. Ó ṣiṣẹ́. Arthur Frommer, tó ti ṣe sójà ní Jámánì, wá sọ fún wọn nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1957 pé dọ́là márùn-ún tó èèyàn í ná lójúmọ́ ní Yúróòpù, wọ́n rọ́ wá. Washington, òfin tí Obama fọwọ́ sí ní March 2010 ló bí yín, owó tí wọ́n ń gbà lórí ESTA, ìwé àyè tí ará Yúróòpù fi ń wọ Amẹ́ríkà láìgba físà, ni wọ́n sì fi ń bọ́ yín. Mo mọ̀ pé wọ́n ti gé yín lọ́wọ́ lọ́dún 2025, láti ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là sí ogún mílíọ̀nù. Ẹ pẹ̀lẹ́. Lọ́dún yẹn náà ni ESTA fò láti 21 dọ́là sí 40.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí fíìmù ti fi hàn ni polówó-polówó tún ń fi hàn. Faransé tí mínísítà rẹ̀ bínú sí Dallas, lọ́dún 2024 ni ààrẹ rẹ̀, Macron, sọ fún oníròyìn pé àwọn máa jà kí eré Emily in Paris má ṣe kó lọ sí Rome! Eré tí àwọn ará Paris fúnra wọn ti fi ṣẹ̀sín nígbà tó jáde ní 2020, pé kò sí ẹni tó ń gbé irú Paris bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó yí wọn lọ́kàn padà. Àlejò ń bọ̀ nítorí rẹ̀, owó sì ń tẹ̀lé àlejò. Èmi náà ń jẹ nínú owó yẹn, n kò lè bú u.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Nígbà tí ará Faransé bá ń san owó ESTA yẹn lórí fóònù, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ló ń kà lẹ́yọ lẹ́yọ, torí ẹ̀rù ń bà á kó má ṣàṣìṣe. Mo mọ̀ pé aṣọ́bodè ló ni ìwé náà, ẹ̀yin kọ́, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà lẹ ti ń jẹ. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ẹni tó máa gbé oúnjẹ síwájú rẹ lè máa gba 2.13 dọ́là ní wákàtí, ìwọ lo máa san èyí tó kù. Kí wọ́n kọ ọ́ pé owó orí kò sí nínú iye tí o rí. Brussels, tí ETIAS tiyín, irú ESTA tí wọ́n ń ṣètò fún àlejò Yúróòpù, tí ẹ ní ogún yúrò ni, bá bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ fún ará Amẹ́ríkà pé ilé ìtajà Jámánì kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, pé kó mú ẹyọ owó dání fún ilé ìgbẹ́ ìta tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, pé ilé tó gbà lè máà ní ẹ̀rọ amúlétutù, kì í ṣe nítorí pé wọ́n kórìíra rẹ̀.

Tí owó bá sì kù, ẹ ya fídíò kan fún mi. Kì í ṣe afárá, kì í ṣe òkè oníyìnyín. Ẹ tẹ̀lé tíṣà kan ní Lille, ní Faransé, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti òwúrọ̀ títí yóò fi sùn, kí ẹ fi han àwọn ará Ohio. Ẹ tẹ̀lé ìyàwó mi fún wákàtí méjìlá ní Houston, kí ẹ fi han àwọn ará Lille. Òun ti gbà, mo ti bi í.

(Mo mọ ohun tí ará ilé tó ń kà á yóò sọ: èwo ni tìrẹ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi fóònù gba àyè wọ̀lú? Àwa tí wọ́n ń bi léèrè ìwé báńkì, ìwé ilé, ìwé ìgbéyàwó, tí wọ́n á gba 90 yúrò lórí físà Schengen tí wọn kò sì ní í dá a padà tí wọ́n bá kọ̀. Ẹ̀tọ́ ni. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ETA, irú ESTA tiwọn, lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà ní January 2025, oníbàárà mi kan ráhùn ráhùn títí a fi dé pápákọ̀. Pọ́ùn mẹ́wàá. Mo pa rédíò kí n lè gbádùn rẹ̀.)

Àwọn kan ń bọ̀ láti Lyon, ní Faransé, lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ni mo máa lọ gbé wọn. Màá sọ ọ̀rọ̀ wétà náà fún wọn kí a tó kúrò ní pápákọ̀, bí mo ṣe ń sọ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi kò gbà ju èèyàn mẹ́fà lọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Dírẹ́bà kan ní Houston, ará Peckham tẹ́lẹ̀